Ṣé àgbà ṣì lè di nọ́ọ̀sì? Àlàyé fún ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti gba orí WhatsApp. Ẹ wọ gúrúùpù ẹbí, ẹ wọ ti àwọn tí ẹ jọ ṣe collège, ẹ wọ ti ìjọ tàbí ti mọ́ṣáláṣí, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi béèrè pé òun jẹ́ tíṣà, tàbí òun ń ránṣọ ní Ouando, tàbí òun ń tajà ní Ìgólò, òun ti pé 35, ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ òun, ṣé òun ṣì lè di nọ́ọ̀sì? Bí ìbéèrè yẹn bá ti bọ́ sílẹ̀ báyìí, ìdáhùn á máa ya wá. Ẹnì kan á ní oṣù mẹ́fà péré ló gbà, ẹlòmíì á ní ó ti pẹ́ jù, ẹlòmíì á fi nọ́ńbà ẹ́jẹ́ńtì kan ránṣẹ́ pé Jámánì ń wá èèyàn, kẹ́ ẹ tètè san owó fọ́ọ̀mù. Ibẹ̀ gan-an lowó èèyàn ti ń ṣòfò, torí nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ, wọ́n kàn ń pè é ní orúkọ kan náà ni. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Kí ló fà á tó fi jẹ́ ìsinsìnyí?

Àwọn ìdí kan wà nílé, àwọn kan wá láti òkèèrè. Nílé níbí ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ rántí pé Nàìjíríà ti bọ́dà pa ní oṣù kẹjọ 2019, kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020, ẹni tó bá ń gbé Àjàṣẹ́ tàbí Kétu ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tíyẹn ṣe fún ọjà. Kára tó tù wá díẹ̀, oṣù karùn-ún 2023 dé, ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kpayo, ìyẹn epo tí wọ́n ń kó wá láti Nàìjíríà, tó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé lẹ́bàá títì wá gbówó lórí lójijì. Ẹni tó ti ń ta epo tàbí tó ń kó ẹrù kọjá bọ́dà láti ọdún pípẹ́ wá ń wá iṣẹ́ tí bọ́dà ò lè tì pa. Àwọn tíṣà náà ò gbẹ́yìn. Láti 2019 ni ìjọba ti ń fi ètò tí wọ́n ń pè ní AME, ìyẹn aspirants, gba tíṣà síṣẹ́, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò sọ wọ́n di òṣìṣẹ́ ìjọba pátápátá, ọdún dé ọdún lọkàn wọn ń pínyà. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè wa sì jẹ́ 52,000 fráńkì láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ẹ lè fojú inú wo ìdí tí iṣẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí ìjọba fi ń wu èèyàn.

Láti òkèèrè, kòrónà ló ṣí ojú gbogbo ayé. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i lára rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ ní oṣù kẹta 2020, ọdún yẹn náà sì ni àjọ ìlera àgbáyé, OMS, ti sọ pé ọdún nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ni. Ìròyìn tí OMS gbé jáde ní 2025 sọ pé nọ́ọ̀sì tó wà láyé jẹ́ mílíọ̀nù 29.8, pé mílíọ̀nù 5.8 ló sì kù tó yẹ kó wà. Àwọn ilẹ̀ olówó ń darúgbó, wọn ò rí ọmọ tiwọn kó sínú iṣẹ́ yìí tó, wọ́n wá ń wo ọ̀dọ̀ wa. Ní 2022 ni Québec, ìpínlẹ̀ tó ń sọ Faransé ní Kánádà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ọ̀sì láti àwọn ilẹ̀ tó ń sọ Faransé nílẹ̀ Áfíríkà, ọ̀rọ̀ yẹn ló sì tàn káàkiri débi tí gbogbo èèyàn fi ń bi ara wọn pé èmi ńkọ́.

Ta gan-an ni nọ́ọ̀sì?

Ibí yìí ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọ CHUD, ọsibítù ńlá ìjọba níbí ní Àjàṣẹ́, tàbí ọsibítù tó wà ní Pọ̀bẹ̀ tí àwọn ará Kétu ń lọ, gbogbo ẹni tó bá wọ ẹ̀wù funfun là ń pè ní dókítà, tàbí ká pè é ní nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, oríṣi mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí wọ́n kì í ṣe dókítà rárá. Infirmier diplômé d'État wà, òun ni nọ́ọ̀sì tí ìjọba mọ̀, ọkùnrin ń ṣe é, obìnrin ń ṣe é, ó kàwé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn BAC, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìparí ilé ẹ̀kọ́ girama. Sage-femme wà, ìyẹn agbẹ̀bí, òun náà ọdún mẹ́ta lẹ́yìn BAC, ẹ̀kọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Aide-soignant wá wà, ẹni tó ń wẹ aláìsàn, tó ń tún bẹ́ẹ̀dì ṣe, tó ń bọ́ ẹni tí ò lè jẹun fúnra rẹ̀, tó sì ń ké sí nọ́ọ̀sì tó bá rí ohun tí ò dáa. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ aide-soignant, ọ̀pọ̀ aláìsàn ló jẹ́ pé òun ni wọ́n mọ̀ jù, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, owó wọn ò dọ́gba, ẹni tó bá sì ní ìwé aide-soignant lọ́wọ́ ò lè fi wáṣẹ́ infirmier.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan ṣàpẹẹrẹ. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n fa omi 500 mililita sí aláìsàn kan lára láàárín wákàtí 4. Níbi tí ò ti sí ẹ̀rọ, ike omi náà wà lókè, okùn rọ́bà rẹ̀ wà, kẹ̀kẹ́ kékeré kan sì wà lára okùn tí wọ́n fi ń fún un tàbí tí wọ́n fi ń tú u. Okùn tí wọ́n sábà máa ń lò fún àgbàlagbà, ẹ̀kán 20 ló ń jẹ́ mililita 1. Ìyẹn á jẹ́ ẹ̀kán 10,000 láàárín ìṣẹ́jú 240, tẹ́ ẹ bá pín in, bíi ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan. Nọ́ọ̀sì á dúró tì í, á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á máa ka ẹ̀kán, á máa yí kẹ̀kẹ́ yẹn díẹ̀díẹ̀ títí á fi bọ́ sí 42, lẹ́yìn náà á tún padà wá wò ó torí pé bí aláìsàn bá yí apá padà báyìí, ó lè dúró tàbí kó sáré. Tó bá jẹ́ 80 tàbí 90 ló ń sáré sí ara bàbá kan tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára mọ́, omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kó má lè mí mọ́. Ẹni tó bá ń ṣe èyí gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò, kó mọ bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, kó mọ ohun tó fi yẹ kó sáré pe dókítà láago 3 òru. Ìdí tó fi jẹ́ ọdún mẹ́ta nìyẹn.

Ṣé lóòótọ́ ni pé oṣù mẹ́fà tó?

Fún nọ́ọ̀sì, rárá. Àwọn ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan wà lóòótọ́, ti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú arúgbó nínú ilé, ti ìrànwọ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tó fara pa, ti títa oògùn nílé oògùn, wọ́n ní ìwúlò tiwọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ náà «soins infirmiers», ìyẹn ìtọ́jú nọ́ọ̀sì, gàdàgbà sára pátákó, wọ́n á ya àwòrán obìnrin tó wọ fìlà funfun sí i, ẹni tó ń kọjá á ṣe bí ẹni pé òun ti rí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Tí ilé ẹ̀kọ́ ò bá mú yín dé ibi ìdánwò tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń ṣe, ìwé tí wọ́n máa fún yín, ti ilé ẹ̀kọ́ yẹn nìkan ni.

Ó yẹ ká rántí ìròyìn tó jáde ní ìparí 2023 náà. Oníròyìn kan láti ilé ìròyìn Daily Nigerian gba dìgírì yunifásítì aládàáni kan ní Bẹ̀nẹ̀ níbí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ síta. Ní oṣù kìíní 2024, ìjọba Nàìjíríà sọ pé àwọn dáwọ́ dúró ná lórí ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì ni ìròyìn yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó fi òótọ́ kàwé níbí, tí wọ́n jókòó ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin, wọ́n jìyà rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn tó rà á. Ìwé tó bá rọrùn jù láti gbà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó ni ẹ máa mọ iye tó jẹ́.

Mi ò ní BAC, ṣé ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn?

Ilẹ̀kùn infirmier d'État ò ní ṣí láìsí BAC, ṣùgbọ́n BAC fúnra rẹ̀ ò lọ́jọ́ orí. Àgbàlagbà lè forúkọ sílẹ̀ bíi candidat libre, ìyẹn ẹni tó ń ṣe ìdánwò láìsí nílé ìwé, kó kàwé nírọ̀lẹ́, kó jókòó ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 18. Èyí tó bá ọ̀nà yìí mu jù ni série D, torí pé SVT (bàọ́lọ́jì) àti PCT (físíìsì àti kẹ́mísírì) tó wà nínú rẹ̀ ni ẹ máa tún bá pàdé ní ọdún àkọ́kọ́, ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́wàá sílẹ̀ láì ṣí ìwé kẹ́mísírì máa ń rí i pé ibẹ̀ le ju bóun ṣe rò lọ. Ẹni tó ní BEPC, ìwé ẹ̀rí ìparí collège, nìkan, tí ò sì fẹ́ padà ṣe BAC, ọ̀nà aide-soignant ni kó béèrè nípa rẹ̀, kó sì mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun ló ń wọ̀.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, méjì ló lórúkọ jù. INMeS wà ní Kùtọnu, lábẹ́ yunifásítì Abomey-Calavi, àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Kétu ló máa ń sún mọ́ ibẹ̀. IFSIO wà ní yunifásítì Parakou, ìyẹn ló súnmọ́ ará Ṣábẹ̀ẹ́ ju Kùtọnu lọ. Orí apresmonbac.bj ni wọ́n ti ń ṣe yíyàn lẹ́yìn èsì BAC, àyè ò pọ̀, máàkì ló ń sọ̀rọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni pọ̀, owó wọn yàtọ̀ síra, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn sì gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò licence, ìyẹn dìgírì ọdún mẹ́ta, tí ìjọba ń ṣètò fún gbogbo wọn.

Ohun tí kò sí nínú ìwé ìpolówó ni sìtáàjì, ìyẹn kíkọ́ṣẹ́ lójú iṣẹ́. Apá ńlá nínú ẹ̀kọ́ yìí, inú ọsibítù ló wà, ọ̀sán wà níbẹ̀, òru wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń kọ́ ló ń yan wákàtí. Ẹni tó ní ọmọ kékeré gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa wà nílé lóru, ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa dúró sí ṣọ́ọ̀bù, ọdún mẹ́ta gbáko. Owó ilé ìwé nìkan kọ́ ni ìṣirò, owó tí ò ní máa wọlé mọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni owó mọ́tò, aṣọ funfun, ìwé àti oúnjẹ òru.

Ọjọ́ orí ńkọ́, ṣé 35 tàbí 40 ti pẹ́ jù?

Ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ orí láti kàwé, ọ̀tọ̀ ni ti bourse, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, ọ̀tọ̀ ni ti iṣẹ́ ìjọba, àwọn èèyàn sì máa ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kì í lé ẹnikẹ́ni nítorí ọjọ́ orí. Bourse ìjọba, wọ́n máa ń wo ọjọ́ orí, àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba BAC ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà kí àgbàlagbà má fọkàn sí i. Concours, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ iṣẹ́ ìjọba, ló ní òpin ọjọ́ orí tí wọ́n ń kọ sínú ìkéde. Ẹ ṣe ìṣirò yẹn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹni tó jẹ́ 37 lónìí, tó máa lo ọdún kan fún BAC àti ọdún mẹ́ta fún licence, ti di 41 kó tó mú ìwé jáde, ó sì ṣeé ṣe kí ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìjọba ti tì mọ́ ọn. Kílíníkì aládàáni, ọsibítù àwọn ìjọ, àwọn NGO, wọ́n ṣì lè gbà á, ṣùgbọ́n owó àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ibẹ̀ yàtọ̀.

Ṣé mo lè tibẹ̀ lọ sí òkè òkun?

Àwọn kan ń lọ. Ẹ kàn mọ̀ pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, ìwé Bẹ̀nẹ̀ kì í sì í wọlé tààrà síbì kankan nínú wọn.

Faransé tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń rò, ibẹ̀ ló tún le jù. Díplọ́mà nọ́ọ̀sì tó bá wá láti ìta ìṣọ̀kan Yúróòpù, wọn kì í gbà á bẹ́ẹ̀, ẹni náà á tún gba ìdánwò wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ wọn, IFSI, wọ́n lè dín apá kan kù fún un, kó tó di nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ń gbé Faransé, tó sì ti ṣiṣẹ́ tó ń dáwó fún ètò ààbò òṣìṣẹ́ wọn (protection sociale) fún ọdún mẹ́ta, ó ní ọ̀nà tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti Parcoursup, ojúlé ayélujára tí wọ́n fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga níbẹ̀ lẹ́yìn BAC, ọ̀nà tí wọ́n là fún àgbàlagbà tó fẹ́ yí iṣẹ́ padà gan-an nìyẹn, àmọ́ ẹni tó wà níbí ò lè lò ó. Québec ń gba nọ́ọ̀sì tó ti ní ìwé àti ìrírí, wọ́n á tún mú un padà sí ilé ẹ̀kọ́ fún oṣù díẹ̀, ìdánwò ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì wọn á sì tẹ̀ lé e. Amẹ́ríkà ní ètò tí ẹni tó ti ní dìgírì nínú nǹkan míì fi ń di nọ́ọ̀sì láàárín oṣù 12 sí 18, ìyẹn làwọn fídíò tó ń kiri máa ń sọ, àwọn ará wa á gbọ́ ọ, wọ́n á rò pé ó wà níbí náà. Kò sí níbí.

Jámánì ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Ausbildung, láti 2020 ni wọ́n ti pa ti ọmọdé, ti àgbàlagbà àti ti arúgbó pọ̀ di ọ̀kan, ẹni tó ń kọ́ ọ ń gba owó oṣù, níbi tí wọ́n ti ń san owó bíi ti ìjọba ó lé ní 1,000 euro, kò sì sí òfin tó ní ẹni 35 ò lè ṣe é. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni èdè: èdè Jámánì dé ìpele àárín tí wọ́n ń pè ní B1 kẹ́ ẹ tó lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, dé B2 tó ga jù ú lọ fún ẹni tó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tó fẹ́ kí wọ́n gba ìwé òun, ìyẹn sì máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù ìjókòó àti owó.

Nǹkan míì tún wà tí àwọn ẹ́jẹ́ńtì ò ní sọ fún yín. OMS ní ìwé kan tó ka orílẹ̀-èdè 55 sílẹ̀ ní 2023, àwọn tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kéré débi pé kò yẹ kí ilẹ̀ míì wá kó wọn lọ. Bẹ̀nẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìwé yẹn ò sọ pé ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ dá lọ fúnra rẹ̀, ó ń bá àwọn ìjọba àtàwọn tó ń gba èèyàn síṣẹ́ wí ni. Jámánì wá fi í sínú òfin wọn pé láti irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ló lè wá èèyàn fún iṣẹ́ ìlera àti ìtọ́jú aláìsàn. Nítorí náà, ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì kékeré kan tó ń gba owó lọ́wọ́ yín pé òun ń kó nọ́ọ̀sì lọ sí Jámánì, ẹ bi í pé àṣẹ ta ló fi ń ṣe é.

Ṣé kí n lọ kà á ní Nàìjíríà?

Ará Kétu máa ń béèrè èyí torí Ìmẹ̀kọ ò jìnnà, ẹbí sì wà níbẹ̀. Nàìjíríà ń fẹ́ krẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì, Gẹ̀ẹ́sì yẹn ló sì ń dí ọ̀pọ̀ wa lọ́nà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà wá ṣiṣẹ́ nílé, ẹ máa nílò kí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gba ìwé náà. Tó bá sì jẹ́ òkè òkun lẹ ń wò, àjọ nọ́ọ̀sì wọn ti pàṣẹ ní 2024 pé kí èèyàn kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ fún ilẹ̀ míì, àwọn nọ́ọ̀sì jáde fi ẹ̀hónú hàn ní Àbújá àti ní Èkó nítorí rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé lórí?

Àríyànjiyàn tó gbóná jù ni pé báwo la ṣe ń sọ pé nọ́ọ̀sì ò tó, tí àwọn tó ti gba ìwé sì ń jókòó sílé láìríṣẹ́? Àwọn kan ní irọ́ ni ọ̀rọ̀ pé wọn ò tó. Kì í ṣe irọ́. Ẹ lọ sí abúlé kan ní zone sanitaire (àgbègbè ètò ìlera) Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ouèssè, tàbí èyí tí Kétu, Pọ̀bẹ̀ àti Adja-Ouèrè jọ wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ wo iye aláìsàn tí ẹnì kan ṣoṣo ń dúró tì. Àmọ́ iye tí aláìsàn nílò yàtọ̀ sí iye tí ìjọba ní owó láti gbà, iye yẹn náà sì yàtọ̀ sí iye tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń tú jáde lọ́dọọdún. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ lè tú èèyàn jáde bó ṣe wù wọ́n, ètò ìṣúná ni ò tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àárín méjèèjì yẹn lòun máa bọ́ sí.

Àwọn nọ́ọ̀sì àgbà kan ò fẹ́ràn bí àwọn tuntun ṣe ń wá, wọ́n ní físà ló ń wá kì í ṣe aláìsàn, pé ẹni tó bá fi owó ọjà wá iṣẹ́ yìí á gba owó lọ́wọ́ aláìsàn láti fi dí i. Àwọn míì tako wọn, wọ́n ní obìnrin 38 tó ti bímọ, tó ti tọ́jú ìyá rẹ̀ títí ó fi kú, àyà ẹ̀ ò ní já bíi ti ọmọ ọdún 20 ní òru àkọ́kọ́ tí ẹnì kan bá kú sí wọn lọ́wọ́. Ìjọba ní tirẹ̀ ń wo owó tó fi kọ́ èèyàn tó wá kọjá lọ sí Québec.

Ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ tún ń fa ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2018, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera ò ní ẹ̀tọ́ láti daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní èyí gba ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń bèèrè owó lọ́wọ́ wọn, àwọn tó fọwọ́ sí i ní ẹni tó bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ò lè dúró de ìpàdé. Tíṣà tó ti ń daṣẹ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó fẹ́ wá di nọ́ọ̀sì, kó fi í sínú ohun tó ń rò.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ilé ẹ̀kọ́ tó dáa?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí iye owó. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ tí ìjọba fún wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi hàn yín, ẹ ka orúkọ ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ dáadáa, torí ilé ẹ̀kọ́ kan lè ní àṣẹ fún ìṣirò owó àti sẹkitéríà kó má ní ti nọ́ọ̀sì. Ẹ bi wọ́n pé lọ́dún tó kọjá, àwọn mélòó ni wọ́n mú lọ sí ìdánwò ìjọba, àwọn mélòó ló yege. Ẹ bi wọ́n pé ọsibítù wo ni sìtáàjì ti ń wáyé, kẹ́ ẹ sì lọ sí ọsibítù yẹn fúnra yín, kẹ́ ẹ bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ náà sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń jáde lójú iṣẹ́ òru, kẹ́ ẹ bi í pé ta ló ń kọ́ wọn níbẹ̀, ṣé ẹnì kan wà tó ń dúró tì wọ́n tí wọ́n bá ń gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, àbí wọ́n kàn ń sọ wọ́n sí wọ́ọ̀dù. Tí wọn ò bá fẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí níléèwé, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀ ná, ẹ mú owó yín padà sílé.